Ilé Sígínà Ọ̀pá Mẹ́wàá: Oṣù Márùn-ún Iṣẹ́ Irin ní Ìkòròdú

Ojú irin kò dé Ìkòròdú. Mo tètè sọ ọ́ torí òun ni gbogbo ẹni tó bá yà sí àgbàlá mi kọ́kọ́ ń sọ: "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ilé sígínà ṣe níbi tí a ò ti gbọ́ fèrè rélùwéè rí?" Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná. Ilé sígínà ni yàrá tí wọ́n ti ń fa ọ̀pá láti darí irin, kí wọ́n sì fi àmì sọ fún ọkọ̀ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró; ẹni tó ń fa àwọn ọ̀pá náà ni sígínàmáànù.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ káfíńtà ní rélùwéè, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ìkòròdú níbí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ni àwa ọmọ ń gbé. Bí iléèwé bá ti gba ọlidé, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀bútẹ̀ lọ bá a. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa sáré tọ ẹ́ńjìnì lọ. Yàrá kan ni tèmi. Òkè ló wà, fèrèsé yí i ká, àwọn ọ̀pá irin tó ga tó mi sì tò sínú rẹ̀ bí eyín àgbàdo. Ọkùnrin tó ń fà wọ́n kì í fọwọ́ lásán kàn wọ́n. Àkísà kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò fi wé orí ọ̀pá kó tó fà á, yóò tún fi nù ún kó tó lọ sídìí òmíràn. Mo bi bàbá mi pé ṣé ẹ̀gbin ló ń sá fún ni. Ó ní, "Òógùn ọwọ́ ló ń mú irin dípẹtà."

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà ti sùn lọ. Àfi lọ́dún tó kọjá tí àbúrò mi tó ń gbé ní York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní ilé sígínà ni tẹ́lẹ̀, kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí." Inú ibùdókọ̀ gan-an ni ilé náà wà, lábẹ́ òrùlé ńlá tó tẹ̀ bí ọrun, èyí tí wọ́n ṣí ní 1877. Mo wo àwòrán náà títí iná fi lọ. Mo bi í bóyá wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá kankan kù síbẹ̀. Ó ní òun ò rí nǹkan kan ju àga àti ife lọ.

Mo ní kó lọ bá mi wo ilé ohun àtijọ́ rélùwéè tó wà ní ìlú yẹn kan náà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1975. Fídíò tó fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ojú irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, tó ní ọ̀pá tirẹ̀, sígínà tirẹ̀, agogo tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Lancashire and Yorkshire ló ṣe é ní 1912, kì í ṣe fún ọmọdé, fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ sígínàmáànù ni. Wọ́n ń ṣi iṣẹ́ ṣe lórí tábìlì kí wọ́n má baà ṣì í ṣe níbi tí èèyàn wà nínú ọkọ̀. Èmi náà ní tábìlì.

Oṣù kìíní: pẹ́ńsù nìkan

Ní York yẹn ni wọ́n kọ́ ilé sígínà Locomotive Yard sí ní 1909. Ọ̀pá 295 ló wà nínú ilé kan ṣoṣo. Mo ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ní kí n ṣe mẹ́wàá, nítorí ẹni tó máa ṣe ohun ńlá, láti kékeré ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibùdókọ̀ tèmi kéré. Irin kan ló wọlé, ó yà sí mẹ́ta, pèpéle mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá wọlé, irin kan náà ni yóò gbà jáde. Ọ̀pá 1, 2 àti 3 ni sígínà àwọn tó ń wọlé sí pèpéle kìíní, kejì àti ìkẹta. 4 àti 5 ló ń yí ìyànà, ibi tí irin kan ti ń yà sí méjì, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè ní póíǹtì. 6 ló ń ti ìyànà pa. 7, 8 àti 9 ni sígínà àwọn tó ń jáde. Ẹ̀kẹwàá kò níṣẹ́. Àyè ló ń gbà dè mí.

Mo rò pé ọ̀pá ni iṣẹ́ náà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀pá kàn jẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá rélùwéè ló ń dúró lẹ́bàá irin pẹ̀lú àsíá lọ́sàn-án, àtùpà lóru. Orúkọ tí wọ́n ń fi pe ọlọ́pàá lẹ́yìn, "bobby", ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wọn ṣì fi ń pe sígínàmáànù. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí Yorùbá ti sọ ọ́ tán láìmọ̀: ọlọ́pàá, oní-ọ̀pá.

Aago ni ọlọ́pàá yìí gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, tí ìṣẹ́jú tí wọ́n dá fún un sì pé, ó ń jẹ́ kí èkejì máa lọ. Ṣùgbọ́n aago kì í sọ bóyá ọkọ̀ iwájú ti taku sínú igbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, Charles Hutton Gregory gbé apá sígínà sókè sórí òpó ní New Cross, ní London, èyí tí awakọ̀ lè rí láti òkèèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ohun tó ń fa sígínà jọ sójú kan, kí ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣe é. Ìgbà náà ni ewu tuntun dé: ẹni kan, ọ̀pá púpọ̀, orí kan ṣoṣo. Ó lè yí ìyànà sí ọ̀tún kó sì fi sígínà pe ọkọ̀ sí òsì.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe lè so ìyànà àti sígínà pọ̀, ní 1856, ni John Saxby. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sídìí orúkọ yẹn. Káfíńtà rélùwéè ni Saxby. Kì í ṣe ẹ́ńjíníà tó ti yunifásítì dé; pákó ló kọ́kọ́ mọ̀, bíi ti bàbá mi. Ìkúdìẹ̀-káàtó wà nínú èyí tó kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé ó ń sún ìyànà àti sígínà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí 1860, Austin Chambers ṣe èyí tó ní ìyànà gbọ́dọ̀ parí ìrìn rẹ̀ ná kí sígínà tó lè mira. Ní 1870, Stevens wá gbé èyí tí mo lò jáde, òun ló sì rọrùn jù fún ẹni tí kò ní ju ayùn irin àti fáìlì lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Irin pẹlẹbẹ kan so mọ́ ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí o bá fa ọ̀pá, irin yìí ń lọ sókè sódò. A gé ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárín irin pẹlẹbẹ kan sí èkejì, eyín irin kékeré kan dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí irin àkọ́kọ́ bá ti ń rìn, ẹnu rẹ̀ ń ti eyín náà jáde, eyín náà á sì ki orí bọ ẹnu irin kejì. Irin kejì ò lè mira mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé irin kejì ló ti kọ́kọ́ rìn, ẹnu rẹ̀ ti kúrò níwájú eyín, eyín ò ríbi wọ̀, irin àkọ́kọ́ á dúró gbagidi. Kò sí iná nínú rẹ̀, kò sí bátìrì. Ẹnu àti eyín lásán ni.

Oṣù kejì: irin kòńdẹ́ẹ̀mù

Odógunyàn ni mo ti ra irin, lọ́dọ̀ àwọn oní-kòńdẹ́ẹ̀mù. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé irin pẹlẹbẹ tó ní ìnípọn kan náà ni mo fẹ́, ó ní, "Bàbá, ìkan náà ni gbogbo ẹ̀." Mo délé, mo wọ̀n ọ́n, oríṣi mẹ́ta ni. Mo padà lọ. Ó bẹ̀ mí, ó pààrọ̀ méjì, ó ní ìyókù ò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe nǹkan: ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi fáìlì ra á kí wọ́n tó bára dọ́gba.

Ọmọ wẹ́dà tó wà lójú títì wa ló bá mi jó férémù. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń mu epo ju bí wọ́n ṣe ń mu ògógóró lọ, nítorí náà a ń dúró de iná ìjọba, iná sì ń dé ní aago méjì òru. Ẹ̀ẹ̀mejì la jí jó irin lóru, títí ìyàwó mi fi sọ pé àwọn aládùúgbò á rò pé àwa ló ń fọ́ ilé.

Òun náà ló gé ẹnu àkọ́kọ́ sára irin pẹlẹbẹ. Ó gé e dáadáa, ó mọ́lẹ̀, ó gún bí ilẹ̀kùn. A tò ó, mo fa ọ̀pá 4, kò lọ. Mo tún fà á, ó kàn ń dún ganran. Mo ní bóyá ìpẹtà ni. Mo da epo sí i. Bákan náà. Ìgbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ tí mo sì gbé eyín sínú ẹnu lójú ara mi ni mo rí àṣìṣe wa: ẹnu tó gún kì í ti eyín, ó ń gbá a mú ni. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́, kí eyín náà sì dà gẹ̀rẹ́, bí ìdajì igun dọ́gba, kí èyí tó ń rìn lè máa yọ́ èyí tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ wẹ́dà wò mí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Òótọ́ ni, mi ò sọ. Gbogbo rẹ̀ la tún gé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe tèmi. Nínú àwòrán mi, mo ti fi eyín sáàárín 1 àti 2, sáàárín 1 àti 3, sáàárín 2 àti 3, kí sígínà méjì má baà pe ọkọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó rí i pé iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Sígínà 1 ò lè lọ àfi tí ìyànà 4 bá wà níbi tó máa ń wà. Sígínà 2 ò lè lọ àfi tí a bá ti fa 4. Ìyànà kan kò lè wà níbi méjì, nítorí náà 1 àti 2 ò lè bára pàdé láéláé. 4 ti là wọ́n. 5 náà ti la 2 àti 3. Mo ju eyín mẹ́ta sínú agolo. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ń fi ara mi wé Saxby. Ẹ máa bá mi bọ̀, ìdùnnú yẹn máa tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀pá 6 ni mi ò kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Mo rò pé ìyànà tó ti yí ti yí náà ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dojú kọ ìyànà wúwo, ó sì ń mi ilẹ̀; bí irin ìyànà bá ṣí díẹ̀ pẹ́nrẹ́n nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ti kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gba ọ̀nà mìíràn. Fún ìdí èyí ni wọ́n fi ń fi ìdábùú kan ti ìyànà pa kí sígínà tó lè pe ẹnikẹ́ni. Búlúù ni wọ́n ń kun ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣe é, mo sì kùn ún ní búlúù. Báyìí, yí ìyànà ná, fa 6, kí o tó dé ọ̀dọ̀ sígínà. Bí o bá sì fa 6, 4 àti 5 ò gbọ́ tìrẹ mọ́.

Oṣù kẹta: okùn já

Wáyà búréèkì ọ̀kadà ni mo fi ń fa apá sígínà. Mẹkáníìkì kan ní Sábọ̀ kó àlòkù rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo so ó mọ́ apá, mo fi rólà kékeré gbé e, mo fà á, apá náà sọ̀ kalẹ̀: máa bọ̀. Mo dá a padà, apá náà gòkè: dúró. Ó dára. Mo fà á fún ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gba bàtà tuntun.

Ní ọjọ́ kẹrin, wáyà já níbi tí ó ti ń gorí rólà. Apá náà gòkè ni? Rárá o. Ìwúwo ara rẹ̀ fà á wálẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń pe ọkọ̀ tí kò yẹ kó bọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ohun tí mo ti kà nínú ìwé tí kò yé mi rèé lójú mi.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1876, ní Abbots Ripton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìnyín ń já wìnnìwìnnì. Ní ìgbà yẹn, ipò tí sígínà máa ń wà bí kò bá sí nǹkan kan ni "máa bọ̀", inú ihò òpó sì ni apá rẹ̀ ń rá sí. Yìnyín dì sínú ihò náà. Sígínàmáànù dá ọ̀pá padà sí "dúró", ṣùgbọ́n apá ò kúrò níbi tó wà. Ọkọ̀ èrò kan sáré wá, ó kọlu ọkọ̀ èédú, èkejì tún wá kọlu èyí tó ti ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí ìlànà padà: "dúró" ni ipò sígínà, ó dìgbà tí a bá fa ọ̀pá kó tó sọ ohun mìíràn, bí wáyà bá sì já, ìwúwo gbọ́dọ̀ dá a padà sí "dúró" fúnra rẹ̀.

Nílé tèmi, òjò kì í di yìnyín, àmọ́ wáyà ọ̀kadà ń já. Mo so nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́ta mọ́ ìrù apá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn òpó, kí ìrù wúwo ju orí lọ. Mo wá mú ṣíṣọ́ọ̀sì, mo gé wáyà tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so tán. Apá náà fò sókè. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ bà á jẹ́?" Mo ní mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ tún gbọ́ nípa Armagh, ní Ireland, torí òun ló mú ìjọba dá sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1889, ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ gbafẹ́ kò lè gun òkè. Wọ́n já a sí méjì kí ẹ́ńjìnì lè gbé ìdajì lọ ná. Búréèkì ìdajì tó kù kò tó, ó yí padà sẹ́yìn, ọkọ̀ mìíràn sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé aago ní àkókò ti tó. Nǹkan bí 80 ènìyàn ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti jáde pé gbogbo rélùwéè tó ń kó èrò gbọ́dọ̀ fi aago sílẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní apá kan irin lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa ti ara wọn, búréèkì sì gbọ́dọ̀ dé gbogbo kẹ̀kẹ́ ọkọ̀. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀, ní 1896, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin tiwa láti Ìddó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Èyí ni pé nígbà tí ọkùnrin alákìísà yẹn ń fa ọ̀pá lójú mi, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn san owó rẹ̀ ló ń lò.

Oṣù kẹrin: agogo, àti àgbò méjì

Agogo kẹ̀kẹ́ méjì ni mo rà, ọ̀kan nínú pálọ̀, ọ̀kan nínú àgbàlá. Ilé sígínà kan kì í pe èkejì lórúkọ. Agogo ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan: gbọ́ mi. Mẹ́rin: ṣé ọ̀nà mọ́ fún ọkọ̀ èrò tó yára? Ẹni tó gbà á á lu mẹ́rin padà. Méjì: ó ti wọlé sọ́dọ̀ rẹ. Méjì, ìdákẹ́, ẹyọ kan: ó ti jáde. Mẹ́fà: ewu, dá gbogbo nǹkan dúró. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan ju bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ìlù ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí àyàn ń fi ìlù pe orúkọ kò ní í pẹ́ gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ti sọ ilé di ṣọ́ọ̀ṣì." Ní ọjọ́ kejì, òun náà lu mẹ́rin láti ilé ìdáná. Oúnjẹ ti délẹ̀ ló ń sọ.

Ọmọ yìí ló tú mi fó. Mo jókòó, mo ń yọ̀, mo ní kó fa ohunkóhun tó bá fẹ́, kò ní lè ṣi iṣẹ́ ṣe. Ó gbìyànjú 1 pẹ̀lú 2: rárá. 2 pẹ̀lú 3: rárá. 8 pẹ̀lú 1: rárá. Ó fa 6, ó fa 1, ó lọ. Ó wá fa 7. Ó lọ.

Ọkọ̀ kan ń wọlé sí pèpéle kìíní. Ọkọ̀ kan ń jáde kúrò ní pèpéle kìíní. Irin kan ṣoṣo. Bí àgbò méjì lórí afárá olópòó kan.

"Bàbá àgbà, ẹ ní kò ní lọ."

Mo gbé àga sún mọ́ ọn. Ó gbà mí tó wákàtí kan kí n tó rí ohun tí ìgbéraga oṣù kejì fi bò mí lójú. Mo ti gbà pé ìyànà ló ń la sígínà. Òótọ́ ni, nígbà tí ọ̀nà bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n 1 àti 7 ń gba ọ̀nà kan náà, ìyànà kan náà, ní ipò kan náà. Ibi tí wọ́n dojú kọ nìkan ló yàtọ̀, ìyànà ò sì mọ ẹni tó ń wọlé yàtọ̀ sí ẹni tó ń jáde. Kò sóhun tó lè là wọ́n àfi eyín tiwọn. 2 àti 8 náà, bẹ́ẹ̀ ni. 3 àti 9 náà, bẹ́ẹ̀ ni. Eyín mẹ́ta. Mo nawọ́ sínú agolo, mo kó àwọn mẹ́ta tí mo jù sílẹ̀ nígbà yẹn jáde. Méjì lò ó láì tún gé, mo sì rọ ẹ̀kẹta díẹ̀.

Mo ti ka ìtàn Quintinshill lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sì sùn dáadáa. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1915, lẹ́bàá ààlà Scotland, sígínàmáànù kan wọ ọkọ̀ kékeré wá síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí irin ńlá níwájú fèrèsé rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé e wá gan-an ló gbàgbé, tó sì fi sígínà pe ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun wọlé bá a. Ó ju 200 ènìyàn lọ tó kú. Òrùka irin wà nínú ilé náà tí wọ́n máa ń kì bọ ọ̀pá sígínà láti rán ara wọn létí pé irin yẹn ní èèyàn lórí. Wọn kò lò ó lọ́jọ́ náà. Mo gé òrùka mẹ́fà láti ara páìpù omi, mo kùn wọ́n ní pupa. Ọmọ-ọmọ mi ti gbé ọ̀kan lọ fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.

Oṣù karùn-ún: ilé

Ilé náà ló yá jù, káfíńtà ló bí mi. Pákó àfàrà fún ara, pláíwúùdù fún ilẹ̀, àjẹkù páànù fún òrùlé. Mo fi abala ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìdí ní ẹ̀yìn, kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lè máa wo bí ẹnu ṣe ń ti eyín.

Àwọn èèyàn rò pé ó ga kí sígínàmáànù lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó ń lọ ló ṣe pàtàkì jù. Àtùpà pupa kan wà ní ìdí ọkọ̀ ìkẹyìn; bí ọkọ̀ bá kọjá tí kò sí àtùpà, ó já sílẹ̀ lọ́nà nìyẹn, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú igbó. Kò gbọ́dọ̀ lu "méjì, ìdákẹ́, ọ̀kan" àyàfi tó bá rí àtùpà yẹn. Mo lẹ ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan mọ́ ìdí ọkọ̀ onípákó wa.

Mo tún bi ara mi pé kí ló dé tí ibùdókọ̀ ìlú ńlá kan fi ń ní ilé sígínà púpọ̀. Irin ni. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń ti ìyànà láti inú ilé náà, èèyàn sì ni agbára rẹ̀. Àwọn ìlànà wọn kò gbà kí ọ̀pá yẹn gùn ju nǹkan bí 320 mítà lọ. Ibi tí ìyànà bá ti jìnnà, ẹ kọ́ ilé mìíràn. Bí York náà ṣe ní púpọ̀ nìyẹn, tí ọ̀kan sì wú di 295. Wọ́n gba àkókò ogun kọjá. Àdó olóró tí Jámánì jù ní òru ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1942 jó òrùlé ibùdókọ̀ náà. Ní 1951, iná mànàmáná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pá: ẹnì kan ń yan ọ̀nà, ẹ̀rọ ń to ìyànà àti sígínà fúnra rẹ̀. Ní 1989, kọ̀ǹpútà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn. Ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà náà ń bi ara rẹ̀ ni èyí tí eyín irin ń bi: ta ló wà níbẹ̀, ṣé ìyànà ti tì, ṣé ẹnì kan dojú kọ ọ́?

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní ọjọ́ Satidé kan láti wá yàrá mi àtijọ́. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ni mo kọ́kọ́ rí, gíláàsì àti kọnkéré, ìdí ọ̀nà 157 kìlómítà tí wọ́n ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 2021. Irin tuntun yẹn fẹ̀ ní mílímítà 1,435; ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Mo yí ká, mo bi ẹ̀ṣọ́ kan nípa yàrá olókè tí fèrèsé yí ká. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú yàrá wo nìyẹn?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra ẹ̀pà, mo padà sí Ìkòròdú.

Ohun tó kù báyìí: ọ̀pá 9 ṣì ń le bí òjò bá rọ̀, mo sì fura sí ọ̀kan nínú irin pẹlẹbẹ tí oní-kòńdẹ́ẹ̀mù ní kò ṣe nǹkan kan. Màá tú u ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pá 10 ti ríṣẹ́; ọmọ-ọmọ mi fẹ́ irin kan tó máa gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ síbi tí ìyá àgbà rẹ̀ ń gbé agogo sí, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀. Mo ti wo àwòrán náà. Ó fi eyín sáàárín 10 àti 7.

Àkísà funfun kan wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá 1. Ẹni tó bá fẹ́ fà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un.